Orúkọ Ìyá Rẹ̀ Ló Fi Ra Ṣíà

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ má tíì ṣépè fún ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó síwájú mi tó ń sọ ọ́, tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, tó sì ní kí n má yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀. Inú rẹ̀ bí mi lẹ́ẹ̀mejì kó tó parí ọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, àánú rẹ̀ ṣe mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò fẹ́ kó ṣe mí.

Jeremáyà Oyèbámijí ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìkéré ni, ní àdúgbò Ùró, wolé-wolé sì ni níjọba ìbílẹ̀. Ẹ mọ iṣẹ́ wọn. Wọn a yọjú wo kòtò ìdọ̀tí, wọn a wo ilé ìyàgbẹ́, wọn a gbójú sókè wo òrùlé tó ń jò, wọn a sì já nótíìsì lé onílé lọ́wọ́ pé kó tún ilé rẹ̀ ṣe kí ọjọ́ báyìí tó pé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kóòtù yá. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni ọkùnrin yìí tẹ́lẹ̀. Ìkìlọ̀ ẹnu ló máa ń ṣe ju ti ìwé lọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ lọ́dún 1996 ni nǹkan yí padà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà ní Àkúrẹ́ kó ẹrù dé, ilé tó wà ní Adó kò gbà wọ́n, ni wọ́n bá ya wọ Ìkéré. Yàrá tí ewúrẹ́ ń sùn lánàá, olùkọ́ ti san owó ọdún méjì sílẹ̀ lé e lórí lónìí. Onílé gbogbo wá ń kun ilé lọ́dà, wọ́n ń pààrọ̀ páànù, wọ́n ń yọ fèrèsé onípákó, wọ́n ń fi onígíláàsì sí i.

Ọ̀dọ̀ Fọláránmi ni wọ́n ti ń ra gbogbo rẹ̀. Ọmọ kíláàsì Jeremáyà ni Fọláránmi, ẹnu rẹ̀ dùn ju oyin lọ. Ọ̀dà, ìṣó, páànù, sílíǹ, àwo ilé ìyàgbẹ́, kò sí ohun tí èèyàn fi ń tún ilé ṣe tí kò sí nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ ṣí ẹ̀ka sí Ìṣẹ̀ àti Èmùrè, ó sọ ṣọ́ọ̀bù náà di kọ́ńpìnnì, ó sì ń ta ṣíà, ìyẹn ìpín nínú òwò náà, fáwọn ará ìlú. Àwọn tó kọ́kọ́ rà á rí èrè gidi gbà kí ọdún tó parí. Tíṣà kan fi tirẹ̀ ra fìríìsà, gbogbo ìlú sì gbọ́.

"Jeremáyà, kí lò ń dúró dè?" Fọláránmi bi í lọ́jọ́ kan. "Ilé kò ní tán nílẹ̀, òrùlé kò sì ní yéé dípẹtà."

"Òfin kò gbà á," ni Jeremáyà dá a lóhùn. "Ẹni tó ń wolé onílé kò gbọdọ̀ lọ́wọ́ nínú ọjà tí wọ́n fi ń tún ilé ṣe."

"Ta ló ní kí o fi orúkọ ara rẹ rà á? Ṣé o kò ní ìyá ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló wọ̀ ọ́ lára o. Ó ronú sí i fún ọjọ́ mẹ́ta. Florence ni orúkọ ìsàmì ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ogójì ọdún, ta ló pè é bẹ́ẹ̀ rí? Ìyá Jeremáyà ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Kódà níwájú pẹpẹ, Ìyá Jeremáyà ni àlùfáà fi ń gbàdúrà fún un. Lójú ọmọ rẹ̀, orúkọ yẹn ti kú, ó sì rò pé òkú kì í sọ̀rọ̀.

Ó yá owó nínú kọpuréétìfù ibi iṣẹ́ wọn, ó ra igba ṣíà, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé Arábìnrin Florence Oyèbámijí ló ni ín. Kò sọ fún ìyá rẹ̀. Kò sọ fún Yéwándé ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú. Èrè àkọ́kọ́ dé, ó fi ra rédíò àti ìró fún màmá, màmá kúnlẹ̀, ó ṣàdúrà fún un títí ọmọ fi ń ṣe àmín kíkankíkan. Ikún ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ikún ń rèdí, ikún kò mọ̀ pé ohun tó dùn ló ń pani.

Àfi bí ọjà ṣe dẹ́kun lójijì. Owó oṣù kò jáde lásìkò mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ tó gba ilé ní Ìkéré ní ìyà kí ni àwọn ń jẹ, wọ́n kó ẹrù padà sí ilé wọn ní Àkúrẹ́, wọ́n ń wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Adó láràárọ̀. Àwọn tó rí ṣe nínú wọn ti ń kọ́lé tara wọn. Yàrá ṣófo ní Ìkéré, owó ilé já wálẹ̀. Onílé wo ni yóò kun ilé tí kò sí ẹni tó fẹ́ gbà á? Àwọn páànù Fọláránmi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, eruku bò wọ́n.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Fọláránmi wá bá Jeremáyà nílé. Kò tilẹ̀ mu omi tí wọ́n gbé fún un.

"Ọ̀rẹ́ mi, bó bá ń lọ báyìí, ṣíà yẹn yóò di ìwé tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà o."

"Kí wá ni kí n ṣe? Ṣé èmi ni mo lé àwọn ayálégbé lọ ni?"

"Rárá. Ṣùgbọ́n òrùlé mélòó ló ń jò ní Ìkéré tí o ń wò tí o ń rìn kọjá? Iṣẹ́ tí ìjọba ń sanwó fún ọ lé lórí ni mo ní kí o ṣe. Ṣé irọ́ wà nínú ìyẹn?"

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́tàn! Lóòótọ́, kò sírọ́ níbẹ̀. Òun gan-an ni ìdẹkùn náà. Gbogbo òrùlé tí Jeremáyà já nótíìsì fún lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, jíjò ló ń jò. Gbogbo ògiri tó ní kí wọ́n tún rẹ́, ó ti lanu. Ó ní ohun tó jẹ́ kí òun máa rí oorun sùn nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti ń fa nǹkan kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́ sínú nótíìsì pé wọn kò gbọdọ̀ lẹ ihò òrùlé, àfi kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó ń kọ ọ́ pé páànù alumíníọ́mù ni kí wọ́n lò. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń ta irú páànù bẹ́ẹ̀ láti Ìkéré títí dé Èmùrè. Ẹ̀yin náà ti mọ ẹni náà.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí kùn. Ọkùnrin kan ní Odò Ọjà sọ ọ́ sí i lójú pé, "Wolé-wolé, ṣé òrùlé kì í jò ní Ùró ni? Àbí òjò ò mọ ọ̀nà ilé baba rẹ?"

Ẹ̀rù bà á. Kí wọ́n má bàa sọ pé ó ń ṣojúsàájú, ó gbọ́dọ̀ já nótíìsì ní àdúgbò tirẹ̀. Ilé tí òrùlé rẹ̀ sì burú jù ní gbogbo Ùró ni ilé Ìyá Táyé.

Ta ni Ìyá Táyé? Opó ni. Modúpẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Òun àti ìyá Jeremáyà ti ń ṣọ̀rẹ́ láti ìgbà tí wọn kò tíì lọ́mú láyà. Òun ló gbé Jeremáyà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, òun ló sì ń fún un lóúnjẹ nígbà tí ìyá rẹ̀ bá pẹ́ lóko. Jeremáyà rántí oúnjẹ yẹn bó ṣe ń kọ nótíìsì náà, ó sọ fún mi bẹ́ẹ̀. Mo ní, "O rántí, o sì kọ ọ́?" Ó ní, "Mo kọ ọ́."

Ìyá Táyé kò bá a wí. Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló gba lọ. Ìyá Jeremáyà sì pe ọmọ rẹ̀ sẹ́yìnkùlé.

"Jeremáyà, ṣé ulé Modúpẹ́ ni o já ùwé fún?"

"Òrùlé ti bàjẹ́, Màmá. Òfin ni."

"Òfin éè mọ̀ pé opó ni? Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bá mi. Jẹ́ kí ọdún yìí kọjá."

"Bí mo bá tẹ tiẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á ní mò ń ṣojúsàájú. Màmá, ẹ má bà mí níṣẹ́ jẹ́."

Ìyá rẹ̀ padà wọlé. Ó gbà á gbọ́. Àwọn ìyá wa, tí ọmọ wọn bá ti mọ̀wé, wọ́n gbà pé kò lè sọ ohun tí kò tọ́.

Ìyá Táyé ní oko kòkó kan tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ìṣẹ̀, òun nìkan ló sì fi ń jẹun. Ó fi oko náà dógò lọ́wọ́ Afọláyan, àgbẹ̀ olówó kan ní Ìṣẹ̀, ó gbówó. Kò tó. Ìyá Jeremáyà ta ewúrẹ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ ọn. Àwọn ìyá méjèèjì jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Fọláránmi, wọ́n san owó páànù. Káfíńtà gun ilé, ó tú gbogbo òrùlé àtijọ́ dànù. Ọjọ́ kejì ni Fọláránmi ránṣẹ́ pé páànù ti gbówó lórí, ó ku owó páànù mẹ́rìnlá kí òun tó lè kó ìkankan jáde.

Báyìí ni ilé Ìyá Táyé ṣe wà láìní òrùlé lóṣù kẹrin ọdún 1999, tí òjò sì ti ń kù lọ́nà Èmùrè. Ó ká ẹní, ó wá ń sùn sínú yàrá Ìyá Jeremáyà. Jeremáyà ń wọlé, ó ń jáde, ó ń bá wọn lórí ẹní kan náà, ó ń kí wọn pé ẹ kú àárọ̀.

Ibi yìí ni inú rẹ̀ ti kọ́kọ́ bí mi.

Nínú oṣù yẹn kan náà ni Fọláránmi pe ìpàdé àwọn tó ní ṣíà, ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé. Wọ́n ti ń kùn pé èrè ò wá mọ́, ó sì fẹ́ wá nǹkan ṣe sí i. Ó se ìrẹsì. Ó ní kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wò ó wá, bóyá wọ́n á rà á pẹ̀lú. Ó tún ní òun fẹ́ ṣe é bí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí wọ́n ti ń pe orúkọ àwọn tó dáwó tí ìjọ sì ń pàtẹ́wọ́. Ẹni tí ṣíà rẹ̀ bá lé lọ́gọ́rùn-ún yóò bọ́ síwájú wá gba aago ara ògiri kan. Ọláyẹmí, akọ̀wé rẹ̀ tuntun, ni yóò pe orúkọ. Ọmọbìnrin náà ò tíì lo oṣù méjì lẹ́nu iṣẹ́. Kò mọ ohun tó ń bẹ lábẹ́ orúkọ kankan.

Jeremáyà dúró lẹ́bàá fèrèsé lẹ́yìn, bí ẹni tó kàn ń kọjá lọ. Kò mọ̀ nípa aago. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni ìyá rẹ̀ tó fa Ìyá Táyé lọ́wọ́ wọlé.

Ó sáré bá wọn. "Màmá, kí lẹ wá ṣe níbí?"

"A wá bẹ Fọláránmi kó kó páànù tó kù fún Modúpẹ́ láwìn. Lójú gbogbo ùlú, éè ní lè sọ pé rárá."

"Ẹ padà sílé. Èmi á bá a sọ ọ́."

"Uwọ? Uwọ tí o ní òfin ni?" Ìyá rẹ̀ jókòó, ó fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó tì í. "Lọ, máa ṣe uṣẹ́ rẹ."

Bí Ọláyẹmí ṣe gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn nìyẹn. Orúkọ àkọ́kọ́, àtẹ́wọ́. Orúkọ kejì, wọ́n hó yèè, ọkùnrin náà jó lọ gba aago rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà tó yé Jeremáyà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ya àárín èèyàn kọjá, ó ń ṣẹ́wọ́ sí Fọláránmi. Fọláránmi ń bá ẹnì kan rẹ́rìn-ín, kò rí i.

"Arábìnrin Florence Oyèbámijí! Igba ṣíà!"

Kò sí ẹni tó dìde. Ọláyẹmí tún un pè, ó tún wá pariwo sí i pé, "Àwọn ni wọ́n ní ṣíà jù nínú àwọn obìnrin o! Florence Oyèbámijí!"

Ìyá Táyé yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Florence? Ṣé àwa méjèèjì kọ́ ni wọ́n sàmì fún lọ́jọ́ kan náà? Ṣé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ kọ́ nìyẹn?"

Ẹ ò rí i pé gbogbo ayé ló gbàgbé orúkọ yẹn lóòótọ́, àfi ẹnì kan. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà sì ń dun jù lọ ni.

Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn, "Ìyá wolé-wolé kọ́ nìyẹn? Ẹ̀hẹ́n! Ìdí rẹ̀ tí nótíìsì fi ń rọ̀ rèé!" Gbọ̀ngàn gbà á, ó di ariwo. Àwọn obìnrin tó ti ta ọ̀ṣọ́ wọn torí páànù dìde dúró. Ọwọ́ pálábá ti ségi.

Ìyá Jeremáyà kò tíì lóye. "Kí ni ṣíà?" ló ń bèèrè, ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, ó wá ọmọ rẹ̀, ó rí i láàárín èrò níbi tó dúró sí. Ó wo ojú rẹ̀. 

Ó dìde. Ó ní, "Èmi ni. Èmi ni mo rà á. Ọmọ mi éè mọ̀ sí i."

"Níbo lẹ ti rówó?"

"Owó mi ni. Mo ní ọmọ mi éè mọ̀ sí i!"

Jeremáyà ya ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ó ní òun ya ẹnu, kí n kọ ọ́ pé òun ya ẹnu. Ó ro iṣẹ́ rẹ̀, ó ro owó ilé-ìwé àwọn ọmọ, ó ro kóòtù tí òun fúnra rẹ̀ ti ń fi halẹ̀ mọ́ ọmọlúwàbí. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Àwọn àgbà ní ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Lọ́jọ́ náà, wọ́n gé ìka tí kò ṣẹ̀, èyí tó ṣẹ̀ sì dúró, ó ń wò ó.

Ìyá Táyé kò pariwo ní tirẹ̀. "O jókòó tì mí, a jọ ń wá owó páànù," ló wí. "O ta ewúrẹ́ rẹ mọ́ ọn. O sì mọ̀ pé àpò rẹ ló ń padà lọ." Ó tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì jáde.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti ká ẹní rẹ̀ kúrò nílé wọn. Ó lọ tẹ́ ẹ sínú ilé rẹ̀ tí kò ní òrùlé, lábẹ́ tapólì. Òjò rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá Jeremáyà dúró lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ó ń wo tapólì yẹn bí atẹ́gùn ṣe ń gbé e, ó sì mọ̀ pé bí òun bá sọdá, wọn kò ní dá òun lóhùn.

Jeremáyà dọ̀bálẹ̀ fún un nínú yàrá. "Màmá, mo máa lọ sọ òtítọ́ fún wọn."

"Kí wọ́n lè lé ọ lẹ́nu uṣẹ́? Kí Yéwándé àti àwọn ọmọ jẹ kí ni? Dìde." Ó ń sunkún, ó sì ń bínú. "Èmi ti di arúgbó, uṣẹ́ wo ni wọ́n fẹ́ lé mi kúrò lẹ́nu rẹ̀? Dìde nílẹ̀, mo ní. Gba nótíìsì Modúpẹ́ padà, kí o má sì sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni."

Ó sì gbà! Ó yá a lára láti gbà. Ó fagi lé nótíìsì náà, àwọn ọkùnrin inú ìjọ da páànù àlòkù jọ, wọ́n bá Ìyá Táyé kan òrùlé rẹ̀. Ọ̀gá Jeremáyà níbi iṣẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúndé, pè é, ó gbé pépà àti báírò síwájú rẹ̀.

"Ṣé o mọ̀ nípa ṣíà tí ìyá rẹ rà?"

"Rárá, sà."

"Kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò mọ̀, ó sì fọwọ́ sí i. Ìgbà kejì tí inú rẹ̀ bí mi nìyẹn, débi pé mo dìde lọ mu omi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìyá náà pàdánù fún yín, torí pé owó kọ́. Lábẹ́ àtíbàbà ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ làwọn obìnrin Ùró ti máa ń péjọ bó ẹ̀gẹ́ láti ṣe gààrí, wọn a máa rẹ́rìn-ín títí wọn a fi gbọ́ ọ lójú títì. Láti ọjọ́ ìpàdé náà, òun nìkan ló ń bó tirẹ̀. Bí wọ́n bá bímọ ládùúgbò, òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pè. Wọn kò pè é mọ́. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó kúrò níjòókòó iwájú láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, ó lọ ń jókòó nídìí ilẹ̀kùn. Fọláránmi ní tirẹ̀ ti ti ṣọ́ọ̀bù, ó ti kó owó páànù Ìyá Táyé dání sá lọ sí Àkúrẹ́ kí ọdún náà tó parí, torí pé àwọn obìnrin fi ẹnu kò pé àwọn kò ní ra ìṣó kan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Igba ṣíà di ìwé lásán. Oko kòkó Ìyá Táyé ṣì wà lọ́wọ́ Afọláyan.

Jeremáyà ń rí gbogbo rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń sọ fún ara rẹ̀ pé lọ́la ni òun yóò sọ ọ́.

Ní ọdún kejì, àìsàn dá màmá dùbúlẹ̀ ní ọsibítù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò sí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kan tó wá wò ó. Ó gbádùn, ó sì ní òun yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Jeremáyà bẹ̀ ẹ́ pé kí àlùfáà wá ṣe é nílé. Ó ní rárá, Ọlọ́run kò ṣe tòun nílé.

Ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù keje ni. Nínú ìjọ wọn, bí ẹnì kan bá ń dúpẹ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò dìde tẹ̀ lé e, wọn yóò máa ju áńkáṣíìfù sókè. Akọrin dá orin. Màmá bẹ̀rẹ̀ ijó láti ìdí ilẹ̀kùn, Jeremáyà àti Yéwándé àti àwọn ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó jó kọjá àwọn ìjókòó. Ó jó kọjá ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tó dé iwájú, ó yíjú padà láti wo àwọn tó tẹ̀ lé e.

Ẹnì kankan kò dìde.

Ìyá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tún tẹ̀ síwájú, ó ń jó lọ. Jeremáyà ní ẹ̀rín yẹn ni òun kò lè gbà mọ́. Ó sún mọ́ àlùfáà, ó gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èmi ni mo ra ṣíà yẹn," ló wí. "Màmá mi kò mọ̀. Èmi ni mo kọ orúkọ wọn. Lọ́jọ́ ìpàdé ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Wọ́n ń gbà mí là ni, mo sì dákẹ́."

Orin dá. Ìyá rẹ̀ di aṣọ rẹ̀ mú, ó ń gbọ̀n ọ́n. "Ta ló rán ọ? Jeremáyà, ta ló ní kí o sọ ọ́?"

Ìyá Táyé dìde láàárín ẹgbẹ́. Ó rìn bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Jeremáyà ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un níwájú pẹpẹ, ṣùgbọ́n ó rìn yí i ká bí ẹni tó rí igi lójú ọ̀nà, ó lọ dúró níwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ọdún kan àti oṣù mẹ́ta, Florence. O jẹ́ kí n máa kórìíra rẹ."

"Ọmọ ni, Modúpẹ́."

"Èmi náà bímọ. Ọ̀rẹ́ tí à ń ṣe wá ńkọ́?" Ohùn rẹ̀ fọ́. "O ò bá kàn wá bá mi lábẹ́ tapólì, kí o sọ fún mi."

 Ìyá Táyé tú gèlè rẹ̀, ó fi gbàjá mọ́ ìdí, ó sì yíjú sí àwọn akọrin. "Kí lẹ ń wò? Ṣé orin yín ti tán ni?" Ó fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí jó pẹ̀lú omi lójú. Ìgbà náà ni àwọn ẹgbẹ́ tó kù dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n jó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jeremáyà níbi tó dùbúlẹ̀ sí, ẹnì kankan kò ní kó dìde.

Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́, kò sì jiyàn. Ó ta ilẹ̀ tó fẹ́ fi kọ́lé, ó fi gba oko kòkó lọ́wọ́ Afọláyan, ó sì ní kí wọ́n dá a padà fún ẹni tó ni ín. Òun náà ti ń dáko báyìí. Ìyá rẹ̀ ti padà síjòókòó iwájú, àtíbàbà rẹ̀ sì tún ti kún.

Ẹ̀yin òǹkàwé, èyí tó bá wù yín ni kí ẹ mú níbẹ̀. Èmi kò ní wàásù fún yín. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn kan wà tó ń ka ìwé yìí lọ́wọ́, tí wọ́n ti fi orúkọ ìyá wọn pa nǹkan mọ́ síbì kan, tí ìyá náà sì ń ṣàdúrà fún wọn láràárọ̀.

Kí Jeremáyà tó dìde kúrò lọ́dọ̀ mi, mo bi í bóyá Ìyá Táyé ti dárí jì í. Ó ní láràárọ̀ ni òun ń lọ dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láti kí i, kó tó kọjá sóko. Kò dá a lóhùn rí. Bó bá wà níta, yóò máa gbálẹ̀ rẹ̀ lọ.

"Ó ti tó ìgbà wo báyìí?" ni mo bi í.

"Oṣù mẹ́jọ."

"Ìgbà wo lo wá fẹ́ jáwọ́?"

Ó wò mí bí ẹni pé n kò gbọ́ ohun tó ti ń sọ láti àárọ̀. Ó ní, "Ọdún kan àti oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi bínú sí màmá mi nítorí mi. Tèmi ò tíì tó bẹ́ẹ̀."